Sùúrù Lérè: Ìtàn Lọ́rì Kan ní Ìdóàní

Ní oṣù tí a fẹ́ san owó ìdánwò WAEC, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan tó ń ra irin àlòkù wá sí ilé wa ní Ìdóàní. Wọ́n yí lọ́rì bàbá mi àgbà po ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n fẹsẹ̀ ta tááyà rẹ̀, wọ́n sì dá owó lé e. Lọ́rì náà ti wà lábẹ́ igi máńgòrò fún ohun tó lé ní ọdún kan láì rìn. Koríko ti hù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Adìẹ ìyá mi àgbà ń yé ẹyin sí abẹ́ ìjókòó awakọ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí: kí wọ́n kó irin wọn lọ, kí a gba owó, kí n san owó ìdánwò. Ṣùgbọ́n Bàbá ní kí wọ́n lọ ná, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ tún fẹ́ fi òkú ọkọ̀ ṣe?" Wọn ò dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí síbi tí lọ́rì wà, wọ́n ní, "Nítorí o ò mọ̀ ọ́n lo ṣe ń pè é ní òkú. Jókòó." Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ohun tí mo kà nínú ìwé àti èyí tí olùkọ́ ìtàn wa ṣàlàyé fún mi, ni mo kọ sílẹ̀ níbí.

Kí a tó lè mọ ìdí tí lọ́rì fi ṣe pàtàkì ní agbègbè wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà rélùwéè. Èkó ni ìjọba òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Òṣogbo àti Ìlọrin lọ sí ilẹ̀ Hausa. Kò yà sí Àkúrẹ́, kò yà sí Ọ̀wọ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ Ìdóàní. Ní 1906 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ mọ́tò ṣiṣẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà mọ́tò ti ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníṣòwò bíi Sàlámì Àgbájé ní Ìbàdàn wà lára àwọn Yorùbá tó kọ́kọ́ fi lọ́rì ṣòwò. Ní ibi tí rélùwéè kò dé, orí èèyàn ló ń ru ẹrù tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí lọ́rì dé ni orí tó sinmi. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò sí iṣu kan, kò sí àpò kòkó kan tó kúrò ní Ìdóàní lọ sí ọjà ńlá tí kì í ṣe orí ọkọ̀ ló gbà lọ. Nítorí náà, bí lọ́rì bá dúró, ọjà dúró nìyẹn.

Lọ́rì ayé àtijọ́, òyìnbó ló ṣe iwájú rẹ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn káfíńtà tiwa ló fi pákó kan ara rẹ̀. Lórí àga pákó ni èrò máa ń jókòó, tí orúnkún ń gbá orúnkún. Ìjà àárín kọ̀ńdọ́ àti èrò pọ̀ débi pé wọ́n sọ ọkọ̀ náà ní bọ́lẹ̀kájà. Èyí tó ń kó gẹdú nínú igbó ni wọ́n ń pè ní agbégilódò, orúkọ náà ò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó títí di òní. Bedford, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931, wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí, pẹtiróòlù ni wọ́n ń mu. Ẹ̀yìn wọn ni ti dísù gbòde.

Ọkùnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Rudolf Diesel ni orúkọ epo yìí ti wá. Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí ní 1858. Ní 1897, ní ìlú Augsburg ní Jámánì, ẹ̀rọ tó ṣe ṣiṣẹ́ dáadáa níṣojú àwọn onímọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Paris ní 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi mú ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1913, Diesel wọ ọkọ̀ ojú omi láti Antwerp, ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀. Inú òkun ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì tó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sínú lọ́rì.

Bàbá ò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún mi yé mi ju bí ìwé ṣe ṣe é lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ pẹtiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, ti dísù kò ní. Afẹ́fẹ́ ni písítìn ń tẹ̀ mọ́ra nínú sílíńdà títí yóò fi gbóná gan-an. Bí epo bá ti tú sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn, yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lágbára láti fa ẹrù wúwo, tí kì í sì í jẹ epo bíi ti pẹtiróòlù. Ìdí kan náà ló sì jẹ́ kí ìyọnu rẹ̀ pọ̀ tó bá ti gbó. Bí ríǹgì bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ yóò máa jò, kò ní gbóná tó, ọkọ̀ ò ní jí láàárọ̀. Bí ìdọ̀tí tàbí omi bá wà nínú epo, nọ́sù tó ń tú epo yóò dí. Bí atẹ́gùn bá wọ páìpù epo, pọ́ǹpù kàn ń fa òfìfo ni. "Pẹtiróòlù lè fara da ìjẹkújẹ," Bàbá ní, "dísù ò gba ìgbàkugbà."

Ní nǹkan bí 1968 ni Bàbá di ọmọ ọkọ̀ lórí Bedford kan. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé igi wéjì dání lẹ́yìn ọkọ̀. Bí lọ́rì bá ń gun òkè tí agbára rẹ̀ ń tán, wọn á fò sílẹ̀, wọn á sì fi igi náà há ẹ̀yìn tááyà kó má baà yí padà. Wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, nígbà tí Nàìjíríà fi apá òsì ojú títì sílẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba apá ọ̀tún, nítorí apá ọ̀tún ni gbogbo orílẹ̀-èdè tó yí wa ká ń gbà. Bàbá ní ọ̀gá àwọn ò gbé ọkọ̀ jáde fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní kí àwọn tó ń kánjú lọ kọ́kọ́ dán an wò ná.

Ní 1983 ni wọ́n ra lọ́rì tiwọn. Kì í ṣe tuntun. Owó kòkó, owó èésú àti owó tí ìyá mi àgbà rí nídìí gàrí ni wọ́n pa pọ̀. Mercedes 911 ni, irú èyí tí imú rẹ̀ yọ síwájú ní kúkúrú. Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú ọkọ̀ onímú kúkúrú yìí ní 1959. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ "911", mi ò mọ̀ pé ìtumọ̀ wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà 9 ń tọ́ka sí ìwọ̀n ọkọ̀ náà tòun ti ẹrù rẹ̀, ìyẹn tọ́ọ̀nù 9. Nọ́ńbà 11 ń tọ́ka sí agbára ẹ̀rọ rẹ̀, ìyẹn agbára ẹṣin 110. Mo bi Bàbá pé tọ́ọ̀nù mélòó ni àwọn máa ń dì sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ta ló ń wọ̀n ọ́n?" Mo kọ ìdáhùn yìí sílẹ̀ nítorí mo rò pé òun náà wà lára ìtàn. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń pa lọ́rì wa, àpọ̀jù ẹrù wà níbẹ̀.

Wọ́n ní kí akọ̀wé ara mọ́tò kọ "Sùúrù Lérè" sí iwájú rẹ̀. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é nìyẹn títí di òní.

Ní àkókò tí Bàbá ra ọkọ̀ yìí, ìrètí wà. Ní àwọn ọdún 1970, tí owó epo rọ̀bì pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n bá àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ṣe àdéhùn pé kí wọ́n wá máa to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà. Leyland wá sí Ìbàdàn, Steyr lọ sí Bauchi, Fiat lọ sí Kano. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ANAMMCO, tó ń to lọ́rì Mercedes pọ̀, wà ní Enugu. Èrò ìjọba ni pé díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa ṣe àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà fúnra wa. Ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta ni ì bá máa pèsè irin. Títí di òní, Àjàòkúta kò tíì ṣe irin tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. A ń to ọkọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n òkèèrè ni ohun tí a ń tò ti ń wá.

Ìgbà tó di 1986 ni àṣírí tú. Ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ẹni tó bá ní òkèèrè ni òun ti ń ra sípíà pátì, ìlọ́po ìlọ́po ló ń fowó kún owó. Ní ọdún kan náà ni wọ́n tú àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká. Lókè òkun pàápàá, àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wa ń wó. Leyland dara pọ̀ mọ́ DAF ní 1987, àwọn méjèèjì sì jọ wọ gbèsè ní 1993. Bedford náà ò ṣe lọ́rì mọ́. Ẹ wò ó: ẹni tó wà ní Ìdóàní, tí kò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, ilé iṣẹ́ kan ti ilẹ̀kùn níbẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ di aláìsàn tí kò ní dókítà.

Láti ìgbà náà, tòkunbọ̀ ló kù. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára lọ́rì, a ó wá òmíràn tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ti kú. Bàbá lọ Ládípọ̀ ní Èkó, wọ́n lọ Nnewi, ibi tí ọjà sípíà pátì ti pọ̀ gan-an ní ilẹ̀ Ìgbò. Ìrìn ọjọ́ méjì nítorí ohun tí kò tó ọwọ́! Wọ́n sì tún ń dọ́gbọ́n sí i. Páálí ni wọ́n gé fi ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí omi. Nígbà tí táǹkì epo ń jò, ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n fi dí i títí wọ́n fi délé. Rọ́bà tááyà tó ti gbó ni wọ́n fi ń so ohun tó bá já. Àpótí kan wà nínú yàrá Bàbá tó kún fún nọ́ọ̀tì, bẹ́líìtì gígé, nọ́sù tó ti jẹ àti béárì tó ti gbó. Mo ti máa ń rò pé ìdọ̀tí ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ojú mi là sí òwe yẹn lọ́jọ́ tí mo rí i tí wọ́n mú nọ́ọ̀tì kan jáde nínú àpótí náà, tó sì wọ ibi tí wọ́n ń wá a fún gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ní ibi tó ń mọ. Ní ọdún tí mo wọ JSS 3, Bàbá ra nọ́sù kan tí ẹni tó tà á búra pé ojúlówó ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni a dì sí ọkọ̀ lọ́sẹ̀ náà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìpele, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ èéfín dúdú, ó ń kọ́ bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun, ó sì dúró. Ayédèrú ni nọ́sù náà. Nígbà tí mẹkáníìkì yóò fi tú u, omi ti dà mọ́ ọ́ìlì, ó funfun bí ògì, nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì ńlá náà ti bẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi sùn lábẹ́ ọkọ̀. Oòrùn pọ́n gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ìyá mi àgbà gbé èyí tí wọ́n lè gbé, wọ́n tà á ní ẹ̀dínwó lẹ́bàá títì. Oṣù mẹ́rin la fi san owó àwọn olọ́gẹ̀dẹ̀. Ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dúró láti lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán dípò ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kò sẹ́ni tó sọ pé nítorí lọ́rì ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀.

Ní oṣù kìíní 2022, lítà epo dísù kan kò tíì tó ₦300 ní Nàìjíríà. Ní oṣù kejì, Rọ́ṣíà gbé ogun lọ bá Yukréìn, owó epo sì lọ sókè káàkiri ayé. Dísù tí a ń rà nígbà náà, òkèèrè ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, lítà kan ti kọjá ₦750. Ẹni tó kó iṣu lọ sí Àkúrẹ́, owó epo ló ń bá jẹ èrè. Bàbá rọ́jú díẹ̀ sí i. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé ọkọ̀ sí abẹ́ máńgòrò, wọ́n ní kó sinmi ná.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tí Bàbá dá ku ọjọ́ kan, awakọ̀ kan wá láti Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì rẹ̀. Òun náà ní 911, ẹ̀rọ tirẹ̀ ló ti kú. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ yín ṣì ń sọ̀rọ̀." Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká bi í."

Wọ́n yá bátìrì. Bàbá gbé tọ́ọ̀ṣì fún mi, wọ́n ní kí n tàn án sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré kan díẹ̀, wọ́n ní kí n máa fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù ọwọ́. Epo ń yọ pẹ̀lú ìfófòó. "Máa tẹ̀ ẹ́. Atẹ́gùn nìyẹn." Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Nígbà tí epo ń jáde geere láìsí ìfófòó, wọ́n dé nọ́ọ̀tì náà, wọ́n wọ inú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kíní, kò jí. Ẹ̀ẹ̀kejì, kò jí. Nígbà kẹta, ó gbọ̀n, ó da èéfín funfun sójú gbogbo wa, ó sì jí! Àwọn adìẹ sá jáde. Àwọn aládùúgbò yọ síta, wọ́n ń kígbe "Sùúrù Lérè! Sùúrù Lérè!" Mo wo ojú Bàbá. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Etí ni wọ́n tẹ́ sí i.

Iye tí awakọ̀ náà pè kò dín sí ti àwọn onírin, ṣùgbọ́n kò lè san ju ìdajì lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun á san ìyókù lẹ́yìn ìkórè iṣu. Bàbá mi sọ pé kí a tà á fún àwọn onírin tó ní gbogbo owó lọ́wọ́, pé òrùlé ilé ń jò. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rù owó ìdánwò ń bà mí. Bàbá mi àgbà ní, "Àwọn yẹn á yọ́ ọ. Ọkùnrin yìí á wà á." Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ nínú ilé wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní òwúrọ̀, wọ́n gba ìdajì owó náà. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti san owó WAEC mi. Òrùlé ṣì ń jò bí mo ṣe ń kọ èyí, awakọ̀ náà sì ti ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀.

Nínú ìwé ìtàn tí a ń kà ní kíláàsì, àwọn ọba, àwọn ajagun àti àwọn olóṣèlú ló pọ̀ jù. Mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹni tó ń tún nǹkan ṣe náà ní ìtàn. Orílẹ̀-èdè wa ra ẹ̀rọ, kò kọ́ bí a ti ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹrù ìyẹn já lé àwọn bíi bàbá mi àgbà lórí, tí wọ́n fi páálí, ọṣẹ àti rọ́bà gbé ọjà Ìdóàní ró fún ogójì ọdún. Wọ́n ṣe àṣìṣe: wọ́n di ẹrù jù, wọ́n sì tẹ̀ lé ọkọ̀ náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹ̀gbọ́n mi fi jìyà rẹ̀. Síbẹ̀ iṣu dé ọjà. Bí mo bá jáde WAEC, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo fẹ́ lọ kọ́. Mo fẹ́ mọ bí a ṣe lè máa ṣe nọ́sù níbí, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní búra èké fún ọmọ aráyé mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lọ́rì kan tó kó iṣu kọjá níwájú ilé ìwé wa. Ara rẹ̀ kì í ṣe ti Sùúrù Lérè, ṣùgbọ́n mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Mo sáré sọ fún Bàbá nígbà tí mo délé. Wọn ò bi mí bóyá ó ń sáré, wọn ò sì bèèrè ẹni tó wà á. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àwọ̀ wo ni èéfín rẹ̀?"